Èwo ni Dúró-Ná mú: ìlù igi àbí ìlù ike?

Ohùn ọkọ rẹ̀ tí ìyàwó gbọ́ kẹ́yìn, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn bálùwẹ̀ ló ti wá. Ó ń wẹ̀ lọ́wọ́, ọṣẹ ti bo gbogbo ojú rẹ̀, ni ọkùnrin náà bá fi ìka kan ilẹ̀kùn, kì í ṣe bí ẹni fẹ́ wọlé, bí ẹni ń dán ìlù wò ni.

"Ìyá wọn, mo ti mú ọ̀kan."

Ìyàwó sáré da omi sójú. Ó ti pẹ́ tó ti ń retí gbólóhùn yẹn. "Èwo lẹ mú?"

"Dúró ná. Irú ọ̀rọ̀ yìí kọ́ là ń bá ẹni tó wà nínú ọṣẹ sọ. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ lọ sọ fún oníṣọ́ọ̀bù, kó má lọ tà á fún ẹlòmíì. Tí mo bá dé, wàá gbọ́."

"Bàbá wọn, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni. Igi àbí ike?"

"Ṣé o rí i? Ìwàǹwára yìí náà ló ń jẹ́ kí ọṣẹ wọ̀ ọ́ lójú."

Ilẹ̀kùn ìta pa dé. Kò dé ṣọ́ọ̀bù tó ń lọ. Ó rẹ̀ ẹ́ lójú ọ̀nà, ó sì jókòó díẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì iwájú ilé onígbàjámọ̀. Onígbàjámọ̀ rò pé irun ló wá gẹ̀, ó fi í sórí ìlà, ó sì pè é nígbà tó kàn án. Kò dáhùn. Ọkùnrin tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ sọ fún àwọn èèyàn pé kí wọ́n dúró ná, lọ́jọ́ yẹn kò dá ẹnikẹ́ni dúró.

Dúró-Ná ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Káfíńtà ni láàárín ọ̀sẹ̀, onílù ni ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Àwọn oníbàárà ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Bí o bá lọ béèrè kọ́bọ́ọ̀dù rẹ, yóò tẹ́tí sí pákó bí ẹni ń gbọ́ ẹjọ́, yóò ní, "Dúró ná, igi yìí ṣì ń ronú." Tọkọtaya kan ní kó kan ibùsùn ìgbéyàwó fún àwọn, ìgbà tí ibùsùn náà fi dé, ọmọ wọn ti ń sáré kiri inú yàrá. Ọkọ bínú, aya bínú. Dúró-Ná wo ọmọ náà láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní, "Ẹ rí nǹkan báyìí? Ká ní mo yára ni, ìwọ̀n ẹni méjì ni ǹ bá kàn fún yín."

Ìyàwó rẹ̀ ti fi òwe bá a jà títí. Bó bá ti fẹ́ dá a lẹ́bi, Dúró-Ná á gbé ti àwọn àgbà kalẹ̀ pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ìyàwó á ní, "Ohun tí a fẹ̀sọ̀ mú ni wọ́n wí, Bàbá wọn. Wọn ò sọ̀rọ̀ nípa ohun tí a ò mú rárá."

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni ẹgbẹ́ olórin wọn wá sọ fún pé kó lọ yan ìlù.

Ìlù sẹ́ẹ̀tì ni, èyí tí onílù ń jókòó sí àárín rẹ̀: ìlù ńlá kan nílẹ̀ tí ẹsẹ̀ ń lù, àwọn kéékèèké lókè tí ọ̀pá ń lù, àti àwo idẹ lọ́tùn-ún lósì. Òrùlé gbọ̀ngàn tí ẹgbẹ́ ń kó ẹrù sí ló jò sórí ti àtijọ́ ní gbogbo àsìkò òjò tí ẹnikẹ́ni kò sì mọ̀. Ìgbà tí wọ́n fi ṣílẹ̀kùn, ìlù ti ṣí bí ìwé. Olórí ẹgbẹ́, tó ń fun fèrè, tí òun àti Dúró-Ná jọ ti wà láti ìgbà ọ̀dọ́, wá sọ̀rọ̀ kan tó ń kábàámọ̀ rẹ̀ títí di ìsinsìnyí. Ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, ìwọ lo ń lù ú. Èyí tó o bá mú la máa rà. Má kánjú."

Kò sẹ́ni tó ti sọ fún un rí pé kó má kánjú. Ó gbà á bí ẹ̀bùn.

Ní òpópónà kejì, oníṣọ́ọ̀bù kan wà tó ń ta ohun èlò orin. Méjì ló wà lójú fèrèsé rẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ igi tí wọ́n ń pè ní mépù, àwọ̀ rẹ̀ dà bí oyin, ìlà ara igi hàn lára rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ìkejì jẹ́ akírílíìkì, ike líle tó mọ́ gaara bíi gíláàsì, tí o fi lè dúró níwájú rẹ̀ kí o máa wo ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Gbogbo ayé ló gbà pé ọ̀rọ̀ ti parí. Igi ló ń bọ́ Dúró-Ná, igi ló rán àwọn ọmọ rẹ̀ níléèwé, igi ló fi kọ́ ilé. Àfi bí ọkùnrin náà ṣe lọ dúró síwájú ike, tó fọwọ́ kọ́ ẹ̀yìn, tó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ìyàwó rẹ̀ mọ ẹ̀rín yẹn. Irú rẹ̀ náà ló rín sí i lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ rí i.

"Kí ni ìyàtọ̀ wọn?" ló bi í bí wọ́n ṣe ń lọ sílé.

"Igi a kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ sẹ́nu kó tó sọ ọ́. Ike a sọ tirẹ̀, a tún bá aládùúgbò sọ tiẹ̀."

"Ariwo ni méjèèjì lójú tèmi."

"Àánú etí rẹ ṣe mí," ni Dúró-Ná wí, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú kí ọkọ̀ má baà gbá a.

Oníṣọ́ọ̀bù jẹ́ onísùúrù èèyàn, ọmọlúàbí, ó sì kéré sí Dúró-Ná púpọ̀. Nígbà tó rí i pé bàbá yìí ń wá lójoojúmọ́, ó ní kí wọ́n yá ìlù ike lò ní Sátidé kan ṣoṣo, bóyá ojú á là. Ilé iṣẹ́ kan ló fẹ́ ṣe ìdágbére fún àwọn tó fẹ̀yìn tì, ní gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì. Ìyàwó àti àbúrò rẹ̀ obìnrin jókòó síwájú pátápátá, wọ́n múra dáadáa.

Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ ìlù yẹn mọ̀ pé bí a ò bá ki nǹkan rírọ̀ sínú èyí tó tóbi, tí ẹsẹ̀ ń lù, ṣe ni yóò máa dún bí ìkòkò òfìfo. Ìrọ̀rí ni Dúró-Ná ń kì sínú rẹ̀. Ìrọ̀rí ilé, ìrọ̀rí ìyàwó rẹ̀ gan-an. Láti ìgbà tó ti ń lùlù, bó bá ti di Sátidé, aṣọ tí wọ́n ká ni obìnrin náà ń gbórí lé. Nínú ìlù àtijọ́, kò sẹ́ni tó mọ̀, nítorí ìlù náà kò ṣeé rí inú rẹ̀. Bó ṣe máa ń ki ìrọ̀rí náà ló ṣe kì í lọ́jọ́ náà, kò ronú kàn án rárá pé ike kì í pa ohun tó wà nínú rẹ̀ mọ́. Àpò ìrọ̀rí yẹn, ìyàwó ló fọwọ́ ara rẹ̀ rán an nígbà tó ń múra àtilọ sílé ọkọ. Ó fi òwú pupa kọ ọ̀rọ̀ sí i lára, gàdàgbà-gàdàgbà: SÚN MỌ́ MI.

Wọ́n pa iná gbọ̀ngàn. Wọ́n tan iná ẹ̀yìn ìlù, kí ẹwà ike lè yọ.

Àbúrò ìyàwó na ọrùn. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kì í ṣe ìrọ̀rí yín nìyẹn?"

"Ìrọ̀rí pọ̀ láyé."

"Èyí tó ní SÚN MỌ́ MI lára ńkọ́?"

"Gbọ́ orin."

"Mò ń gbọ́ orin. Mo tún ń kàwé."

Gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ Dúró-Ná bá balẹ̀, ìrọ̀rí á fò sókè, ọ̀rọ̀ pupa náà á fò tẹ̀lé e. Ọ̀gá kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó wọ kóòtù, ka ọ̀rọ̀ náà tán, ó gbé àga rẹ̀, ó sì sún un síwájú. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n tó kọrin kẹta, ẹ̀yìn gbọ̀ngàn ti ṣófo, gbogbo èèyàn ti rọ́ mọ́ ẹsẹ̀ pèpéle, ọkọ ń wo ìyàwó, ìyàwó ń wo ọkọ. Olórí ẹgbẹ́ rò pé fèrè òun ló fà wọ́n. Kò sẹ́ni tó tíì láyà láti sọ fún un.

Nígbà tí wọ́n délé, ìyàwó gba ìrọ̀rí rẹ̀, ó gbá a mọ́ àyà. "Bàbá wọn, ẹ ti kó yàrá wa sí gbangba."

"Ìyá wọn, o ò rí bí wọ́n ṣe sún mọ́ wa? Láti ìgbà tí mo ti ń lùlù, kò sẹ́ni tó sún mọ́ mi bẹ́ẹ̀ rí." Ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ kan, ó gbé e dání díẹ̀. "Àfi ìwọ."

Ìbọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ẹjọ́ kejì. Dúró-Ná kì í fi bàtà lùlù. Ó ní ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ibi tó ń tẹ̀. Lọ́jọ́ náà, ẹsẹ̀ kan wọ dúdú, èkejì wọ aláwọ̀ ilẹ̀, àtàǹpàkò sì ti yọrí jáde láti wá wo ayé. Gbogbo gbọ̀ngàn rí i láti inú ike. Obìnrin kan tí ìyàwó kò mọ̀ rí fọwọ́ tọ́ ọ ní èjìká, ó ní, "Ẹ kú ìtọ́jú o, Màmá," ohùn rẹ̀ sì ń gbọ̀n fún ẹ̀rín. Láti ọjọ́ yẹn ni ìyàwó ti dìbò tirẹ̀. "Igi ni kẹ́ ẹ mú," ló ń wí. "Igi mọ bí wọ́n ṣe ń bo àṣírí ọkọ."

Bí ọ̀rọ̀ bá dúró síbẹ̀ ni, ẹ̀rín nìkan ni ì bá jẹ́. Ṣùgbọ́n etí Dúró-Ná ti ń dí.

Ayùn oníná nínú ọ̀sẹ̀, àwo idẹ ní Sátidé, wọ́n ti jọ pín etí ọ̀tún rẹ̀ jẹ. Ó ń fi pamọ́. Bí ìyàwó bá pè é láti apá ibẹ̀ tí kò dáhùn, á ní òun ń ronú. Ìyàwó fúnra rẹ̀ ló mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà etí, obìnrin kékeré kan tó ń rọra sọ̀rọ̀, èyí tí kò bá iṣẹ́ rẹ̀ mu rárá.

"Bàbá, èyí tó ti lọ ò lè padà," ni dókítà wí. "Èyí tó kù náà á máa dín kù díẹ̀díẹ̀. Àwọn ohùn tíńrín, àwọn tó mú, ni wọ́n máa kọ́kọ́ lọ. Àwọn tó wúwo á pẹ́ díẹ̀ sí i."

Dúró-Ná ronú. "Ìyẹn ni pé ike ló máa kọ́kọ́ fi mí sílẹ̀."

Dókítà wo ìyàwó.

"Ẹ má dá a lóhùn, Dókítà," ni ìyàwó wí. "Bí ẹ bá dá a lóhùn, ibí la máa sùn."

"Mo kàn ń béèrè ni," ni Dúró-Ná wí. "Ẹni tó fẹ́ rìnrìn àjò là ń bá jẹun. Ṣé kì í ṣe ike ló yẹ kí n máa gbọ́ nísinsìnyí, kí n tó dágbére fún un? Àbí igi ló yẹ kí n fẹ́, tó máa bá mi dalẹ́?"

Dókítà kọ oògùn etí fún un. Ó jọ pé wọn ò kọ́ ọ ní nǹkan kan nípa igi.

Ìgbà tí wọ́n ń bọ̀ ló wá sọ ọ́ fún ìyàwó rẹ̀, ohùn rẹ̀ ò ga. "Ìyá wọn, èyí tí mo bá mú yìí, òun ni ìlù tí màá gbọ́ kẹ́yìn láyé. Mi ò fẹ́ ṣì í mú." Ìyàwó kò bá a jà mọ́ lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà yẹn ló ti mọ̀ pé kì í ṣe ìlọ́ra lásán ni ọkọ òun ń lọ́ra. Síbẹ̀, mímọ̀ náà kò dín wàhálà rẹ̀ kù.

Nítorí Dúró-Ná wá gbé òfin tuntun kalẹ̀ pé onílù kì í gbọ́ ìlù ara rẹ̀. Ó ní ẹni tó jókòó sáàárín ìlù dà bí ẹni tó wà nínú ilé ìdáná tí èéfín bò, kò lè mọ bí ọbẹ̀ ṣe ń ta sánsán lójú títì. Òun gbọ́dọ̀ jáde síta kí òun tó lè mọ èyí tó dùn. Ẹlòmíì ló gbọ́dọ̀ lù ú.

"Ta ni yóò lù ú?" ni oníṣọ́ọ̀bù bi í.

Gbogbo wọn yíjú sí ìyàwó, tó gbé àpò ọjà rẹ̀ sórí ẹsẹ̀.

Dúró-Ná kọ́ ọ ní ìlù kan ṣoṣo: ẹsẹ̀, ọwọ́, ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ọwọ́. Ó ní kó máa lù ú lọ, kó lu ti igi, kó wá bọ́ sórí ti ike, kó má dúró títí òun á fi padà. Ó jáde. Ó kọ́kọ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó na etí òsì. Ó bọ́ sí òdìkejì títì. Ó kọjá ilé oògùn. Lẹ́yìn náà wọn ò rí i mọ́.

Ìyàwó ń lù. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í dúró lójú fèrèsé. Àwọn ọmọ iléèwé ń jó. Ọkùnrin kan tó gbé búrẹ́dì sábẹ́ abíyá mirí sí i bí ẹni tó mọ ìlù. Obìnrin kan wọlé, ó béèrè pé, "Màmá, ṣé ẹ máa ń gba òde?"

"Ọkọ mi ni mò ń dúró dè," ni ìyàwó wí, kò sì dáwọ́ dúró.

"Ọkọ yín ti ṣe yín lọ́ṣẹ́ gan-an nìyẹn," ni obìnrin náà wí tìyọ́nú-tìyọ́nú, ó sì kó owó díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ibi tí Dúró-Ná wà ni yàrá oníbàárà kan, ó ń wọn ẹnu ọ̀nà. Ọkùnrin náà pàdé rẹ̀ lójú títì, ó ní ilẹ̀kùn òun ò pa dé dáadáa mọ́, Dúró-Ná sì ní kó dúró ná, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń tẹ̀ lé e lọ. Ìgbà tó padà dé ṣọ́ọ̀bù, apá ìyàwó ti kú, oníṣọ́ọ̀bù ti ń ti fèrèsé.

"Kí ló dé tó o fi dákẹ́?" ni Dúró-Ná béèrè. "Ìgbà tí etí mi wá bẹ̀rẹ̀ sí í mú un gan-an lo dákẹ́."

Ìyàwó ju ọ̀pá ìlù sí i. Ó bà á ní èjìká. Dúró-Ná bẹ̀rẹ̀, ó mú ọ̀pá náà nílẹ̀, ó yẹ̀ ẹ́ wò sọ́tùn-ún sósì, ó ní, "Igi gidi ni."

Ohun tó wá ṣe lẹ́yìn ìyẹn, káfíńtà nìkan ló lè ṣe é. Gbogbo pákó tó bá wọ ilé iṣẹ́ rẹ̀ ló ń gé díẹ̀ nínú rẹ̀, á rẹ ẹ́ sínú omi, á sá a sóòrùn, á wá wò ó bóyá yóò ká tàbí yóò là. Ó ní igi tí kò tíì rí omi kò tíì sọ òótọ́. Ó yá ìlù kékeré kan lára ti igi àti kékeré kan lára ti ike, ó ní òun fẹ́ fara balẹ̀ wò wọ́n nílé. Oníṣọ́ọ̀bù kò lè kọ̀ fún un. Gbogbo pẹpẹ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, Dúró-Ná ló kàn án, oníṣọ́ọ̀bù sì ti dúró de àwọn pẹpẹ náà pẹ́ débi tí òun àti Dúró-Ná fi dà bí ọmọ ìyá.

Nígbà tí oníṣọ́ọ̀bù yà wá kí wọn, ó bá ìlù rẹ̀ méjèèjì nínú ọpọ́n ìfọṣọ ní ẹ̀yìnkùlé.

Ó tẹjú mọ́ ọpọ́n náà. "Bàbá, kí ni ìlù mi ń ṣe nínú omi?"

"Wọ́n ń sọ òótọ́."

"Ṣé inú omi lẹ ti fẹ́ máa lù ú ni?"

"Níbo ni ti àkọ́kọ́ kú sí? Ṣé kì í ṣe òrùlé ló jò sí i?"

Oníṣọ́ọ̀bù na ọwọ́ sí ọpọ́n, ó tún fà á padà. Ó jókòó sórí òkúta. Ìyàwó gbé tíì fún un, ó sì ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́. Bó ṣe ń ṣe wá nínú ilé yìí náà nìyẹn."

Ike jáde bó ṣe wọlé. Ó ń dán, omi ń dà kúrò lára rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n bú tí kò gbọ́. Igi ní tirẹ̀ mu omi, ó wú, ó fún mọ́ irin ẹnu rẹ̀, kò sì jẹ́ kí awọ kúrò lórí. Nígbà tí Dúró-Ná rí i, ojú rẹ̀ yí padà. Ó gbé e wọlé bí ẹni gbé aláìsàn. Ó tẹ́ aṣọ sábẹ́ rẹ̀ ní kọ̀rọ̀ yàrá níbi tí oòrùn kò dé. Ó ń yí i ní àárọ̀, ó ń yí i ní ìrọ̀lẹ́, ó ń fi òróró pa á, ó ń bẹ̀ ẹ́. Ìyàwó gbọ́ ọ pẹ̀lú etí ara rẹ̀, ó ń sọ fún ìlù pé, "Má bínú. Ó yẹ kí n ti mọ̀ ọ́ láìdán ọ wò."

"Ẹ ò bẹ èmi bẹ́ẹ̀ rí," ni ìyàwó wí láti ẹnu ọ̀nà.

"Ìwọ ò wú rí," ni Dúró-Ná dáhùn.

Ìlù náà yá, ó tilẹ̀ dán ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Oníṣọ́ọ̀bù gbọ̀n ọ́n, ó lù ú, ó ní òun dárí jì wọ́n. Ìyàwó rò pé ó ti parí nìyẹn, pé ike ti jàre. Kò mọ ọkọ rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

"Ike kò nílò mi," ni Dúró-Ná wí nídìí oúnjẹ, ṣíbí dúró lágbedeméjì ẹnu rẹ̀. "Ohun yòówù kó dé bá a, kò ní pè mí. Igi nílò mi. Bí mi ò bá sí, á wú, á là. Mi ò mọ èwo nínú méjèèjì ni èèyàn fi ń mọ̀ pé wọ́n fẹ́ràn òun."

"Ẹ jẹun, Bàbá wọn."

"Lójú tìrẹ, èwo nínú méjèèjì ni mo jẹ́?"

Ìyàwó wò ó dáadáa. Ọkùnrin tó ti ń gbé ilé rẹ̀ láti ìgbà tí irun orí àwọn méjèèjì dú, tó ń fi ìrọ̀rí rẹ̀ lùlù. "Ẹ̀yin? Igi ni yín. Ẹ ti mu omi mi láti ọjọ́ yìí wá."

Dúró-Ná rẹ́rìn-ín débi pé ó kọ́ oúnjẹ lọ́nà ọ̀fun. Bí ìyàwó ṣe ń gbá a lẹ́yìn ló ṣì ń rẹ́rìn-ín.

Kò pẹ́ púpọ̀ sí ìgbà náà ló wá kan ilẹ̀kùn bálùwẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, wọ́n ní ẹ̀rín là ń fi í rín. Nígbà tí àwọn èèyàn wá kí ìyàwó, tí wọ́n ti bá a sunkún débi tó yẹ, olórí ẹgbẹ́ àti oníṣọ́ọ̀bù jókòó sí pálọ̀, ìkan lápá ibí, ìkan lápá ọ̀hún, wọn ò sì lè mú un mọ́ra mọ́.

"Ike ni ọ̀rẹ́ mi mú," ni olórí ẹgbẹ́ wí. "Mo fi ojú ara mi rí i bó ṣe ń wò ó."

"Ìwò ni wọ́n ń wò ó, ọ̀gá," ni oníṣọ́ọ̀bù wí. "Igi ni wọ́n mú. Ẹ ò bá rí bí wọ́n ṣe gbé ìlù yẹn dá padà, wọ́n fi aṣọ wé e bí ọmọ tuntun."

"Ẹni tó wé ọmọ láṣọ tó gbé e fún ọ, ṣé kì í ṣe pé ó ti dá a padà fún ẹni tó ni ín?"

"Ta ló ń dá ọmọ padà?"

"Ìlù kì í ṣe ọmọ, oníṣọ́ọ̀bù."

"Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ gbà pé ọmọ ni."

Àbúrò ìyàwó dá sí i. Ó ní bí òun ṣe mọ ọkọ ẹ̀gbọ́n òun, bóyá ìlù kẹta kan ló mú, tí ẹnikẹ́ni ò tíì rí. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò dáadáa, kò sì sẹ́ni tó lè sọ pé irọ́ ni. Ibẹ̀ ni ìyàwó ti kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín láti ọjọ́ náà. Ó rín in, ó ń fi etí aṣọ nu ojú, àwọn tó wà níbẹ̀ kò mọ èyí tí àwọn ì bá bá a ṣe, wọ́n bá ń ṣe méjèèjì.

Lẹ́yìn náà ni olórí ẹgbẹ́ sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ó ní ẹgbẹ́ ti jókòó, wọ́n ti fohùn ṣọ̀kan. Èyí tí Dúró-Ná mú ni wọ́n máa rà, wọ́n á sì kọ orúkọ rẹ̀ sí i níwájú. Níwọ̀n bí kò ti sí níbẹ̀ láti sọ ọ́, ìyàwó ni kó sọ ọ́. "Ìyàwó wa, ìwọ lo mọ̀ ọ́n jù. Èyí tó o bá ti fọwọ́ sí, a ò ní bá ọ jiyàn."

Ìyàwó ní òun ti gbọ́. Nígbà tí ilé dá, ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù lóun nìkan. Oníṣọ́ọ̀bù fún un ní àga, ó sì wá iṣẹ́ kan ṣe lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù kí ìyàwó lè dá wà. Oòrùn ọ̀sán wọlé láti ojú fèrèsé, ó kọjá nínú ike, ó sì tò sílẹ̀ ní àwọ̀ oríṣiríṣi. Lórí igi, oòrùn kò kọjá. Ó dúró síbẹ̀, igi náà sì móoru nígbà tó fọwọ́ kàn án.

Ó pa ojú dé. Ó gbìyànjú láti fọkàn gbọ́ ọkọ rẹ̀ tó ń sọ pé igi. Ó gbọ́ ọ kedere, pẹ̀lú ìdí tó máa sọ, àti bó ṣe máa na ìka bó bá ń sọ ọ́. Ó wá gbìyànjú láti gbọ́ ọ tó ń sọ pé ike. Ó tún gbọ́ ọ kedere, ó sì tún ń na ìka. Bó bá jẹ́ pé ọkùnrin tí kò mọ̀ dáadáa ni, ì bá ti rọrùn. Àṣìmú ni ọkùnrin náà bẹ̀rù jù, òun kò sì fẹ́ jẹ́ ẹni tí yóò bá a ṣì í mú.

Oníṣọ́ọ̀bù padà wá, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Màmá, kò sí wàhálà. Àwọn kan ti wá béèrè wọn, mo ní wọn kì í ṣe títà. Ìgbà tó bá wù yín ni kẹ́ ẹ sọ ọ́."

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì gba ilé lọ.

Òjò ti tún bẹ̀rẹ̀ báyìí. Ẹgbẹ́ ń yá ìlù lò lọ́dọ̀ àwọn ẹlòmíì ní gbogbo Sátidé. Igi àti ike ṣì wà lójú fèrèsé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ìyàwó kò tíì sọ èyí tí wọ́n máa rà.